Tubing drain wo ni kí ẹ rà fún kànga epo? Èrò mi láti ẹ̀bá rig ní Odessa

Tubing ni páìpù tí epo ń gbà gòkè nínú kànga; drain ni irin kúkúrú tí a ń so mọ́ ọn, tó ń ṣí ọ̀nà fún omi inú rẹ̀ láti jáde kí a tó fa tubing sókè. Fún kànga tí ọ̀pá irin ń fa pọ́ǹpù rẹ̀, drain tó máa ń fi prẹ́ṣọ̀ bẹ́ ni mo fara mọ́ jù, níwọ̀n ìgbà tí tubing bá ṣì lágbára. Bí tubing bá ti gbó, èyí tí a ń yí ni mo máa ń yàn. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí èyí tí a ń fà títí píìnì rẹ̀ á fi já, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Odessa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìwọ̀ oòrùn Texas, ní àgbègbè epo Permian Basin. Èmi ni àwọn tó ni kànga máa ń rán lọ sí ẹ̀bá rig nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fa tubing jáde, èmi náà ni mo sì ń kọ orúkọ ohun tí a máa rà kí ó tó padà wọlé. Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí máa ń bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, drain wo ni kí á rà?” Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ tán lórí fóònù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Tubing kún fún epo àti omi oníyọ̀ láti orí pọ́ǹpù títí dé òkè. Fáàfù ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù kì í jẹ́ kí omi yẹn padà sínú kànga, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá fẹ́ tún kànga ṣe, a máa fa ọ̀pá títí pọ́ǹpù á fi tú kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Omi á ṣàn padà sísàlẹ̀, tubing á sì jáde láìní omi nínú. Ṣùgbọ́n iyanrìn lè di mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù kó má jẹ́ kó tú. Ọ̀pá lè já nísàlẹ̀ ká má rí i gbá mú. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo omi yẹn máa bá tubing jáde, àfi tí ọ̀nà mìíràn bá wà tó lè gbà lọ. Ọ̀nà mìíràn yẹn ni drain.

Omi náà kì í ṣe kékeré. Tubing 2-7/8 ìnṣì, ẹyọ kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 31, ń gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 7.5. Bí kànga bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000, àpapọ̀ rẹ̀ á tó àgbá 46. Gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin bá tú ẹyọ kan ni gálọ́ọ̀nù méje ààbọ̀ ń tú dà sórí pèpéle rig, sí wọn lára, sí abẹ́ bàtà wọn. Mud bucket, irin tí wọ́n fi ń gbá ojú ibi tí wọ́n ń tú mọ́ra, ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ẹni tó ń dì í mú ṣì máa rẹ. Railroad Commission, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ epo ní Texas, sì ní kí ẹni tí epo rọ̀bì tó ju àgbá 5 bá dà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ fi tó àwọn létí. Tí gáàsì H2S bá wà nínú epo náà, tó sì wọ́pọ̀ nínú àwọn kànga tó ń fa epo láti inú àpáta San Andres tí a ní níbí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìdọ̀tí. Bí gáàsì yìí bá dé 100 ppm (apá 100 nínú mílíọ̀nù) nínú afẹ́fẹ́, ó ti di ewu ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀, imú ènìyàn kì í sì í pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, inú mi kì í dùn bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ohun tí kò pọn dandan ni drain.

Èyí tó ń bẹ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Irin kúkúrú ni, ó ní ojú tubing lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi awo irin fẹ́lẹ́ dí i. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tó ń ti omi wá, tó ti omi sínú tubing láti òkè, prẹ́ṣọ̀ inú á ju ti ìta lọ débi tí awo náà kò lè dúró mọ́. Ó bẹ́, abẹ́rẹ́ prẹ́ṣọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè á sì rí i kedere. Kò sí ohun tí ń yí, kò sí ohun tí ń yọ̀, iyanrìn kò sì rí ibi tó máa há sí kí ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ tó dé. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ńbà tí ẹ máa yàn fún awo náà, ìyẹn prẹ́ṣọ̀ tó máa bẹ́ ẹ, ni gbogbo iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń kánjú. Ẹ jẹ́ ká lo kànga ẹsẹ̀ bàtà 8,000 yẹn. Omi oníyọ̀ tí gálọ́ọ̀nù rẹ̀ wọn pọ́ùn 10 ń tẹ ìsàlẹ̀ ní 0.52 psi (pọ́ùn lórí ìnṣì onígun mẹ́rin) fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ó di 4,160 psi lórí drain. Bí pọ́ǹpù bá ti fa ìta tubing gbẹ, kò sí omi níta tó máa ti awo náà lẹ́yìn, gbogbo 4,160 yẹn ló máa dá gbé. Ẹ fi prẹ́ṣọ̀ ọ̀nà epo tó wà lókè kún un, ká ní 150 psi, ó di 4,310. Bí pọ́ǹpù ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, prẹ́ṣọ̀ yẹn ń mì tọ̀sán tòru, ooru ìsàlẹ̀ sì ń dín agbára awo kù. Ẹni tó bá ra awo 4,500 fún irú kànga yìí, àìròtẹ́lẹ̀ ló máa fi bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí kànga ṣì ń ṣiṣẹ́, á sì di dandan kó gbé rig wá nítorí awo kékeré kan.

Èmi á mú 5,500. Bí ìta bá gbẹ, 1,340 psi láti òkè á bẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: bí kànga bá ti dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kí rig tó dé, omi á ti gòkè níta. Ká ní ó fi ẹsẹ̀ bàtà 2,000 ga ju drain lọ, ó ń fi 1,040 psi ti awo náà láti ẹ̀yìn, ẹ̀yin á sì nílò 2,380 lókè. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n yin fluid shot, ìyẹn ìró tí wọ́n ń yìn sínú casing, páìpù ńlá tó yí tubing ká, láti mọ ibi tí omi dé, kí ọkọ̀ tó ń ti omi tó kúrò ní yáàdì. Ẹ tún wo tubing fúnra rẹ̀. Tubing tuntun tí irin rẹ̀ jẹ́ irú J-55, 2-7/8 oní pọ́ùn 6.5 fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, lè gbà tó 7,260 psi láti inú. Tuntun ni mo wí o. Èyí tí ọ̀pá ti ń ha inú rẹ̀ láti ọdún mélòó kan kò ní gba tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sì yan awo tó le jù, tubing ló máa là kí awo tó bẹ́.

Àbùkù rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó nílò tubing tó lè gba prẹ́ṣọ̀. Bí ihò bá ti wà lára tubing, omi tí ẹ ń tì á gba ihò yẹn jáde sí ìta, awo ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lókè. Omi tó wà lókè ihò á dà nù fúnra rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á dúró sínú.

Nípa ìrajà, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ kó drain fún wa tó jẹ́ pé nọ́ńbà tó wà lára páálí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Wọ́n ní ká máa lò ó lọ, pé ti ara irin ló tọ́. A kó gbogbo rẹ̀ padà. Awo tí kò ní ìwé tó fi nọ́ńbà ìpele tí wọ́n jọ ṣe hàn, àti ooru tí wọ́n fi dán an wò, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ilé ìtajà tí a ń lò báyìí máa ń bi mí ní ìjìnlẹ̀ kànga, ìwọ̀n omi rẹ̀ àti ooru ìsàlẹ̀ kó tó sọ iye owó. Irú wọn ni kí ẹ wá.

Èyí tí a ń yí yàtọ̀ pátápátá. Irin kan bo ihò. Bí a bá yí tubing láti òkè, irin náà á ṣí kúrò lójú ihò. Kò nílò ọkọ̀ tó ń ti omi, tubing tó ní ihò kò sì dí i lọ́wọ́, ìdí tí mo fi ń yàn án fún àwọn kànga àtijọ́ nìyẹn. Kí kànga náà ṣáà gún régé. Nínú èyí tó tẹ̀, bí ọ̀pọ̀ kànga tuntun tí a gbẹ́ sínú àpáta Wolfcamp, tubing ń fara gbá casing lọ́nà, ẹ lè yí i lókè kí ìsàlẹ̀ má mira. Ẹ tún bi ara yín léèrè ibi tí anchor, irin tó ń di tubing mọ́ casing, wà. Ọ̀pọ̀ anchor tubing ló jẹ́ pé òsì ni a ń yí i sí láti dè é mọ́ casing, ọ̀tún láti tú u. Drain tó bá ń fi òsì ṣí ò gbọ́dọ̀ wọ irú kànga bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ máa ti ṣí i kí pọ́ǹpù tó wọlé. Bí ẹ̀rọ tó ń yí tubing díẹ̀díẹ̀ bá sì wà lórí kànga, kí ọ̀pá má bàa máa ha ojú kan ṣoṣo, ẹ fi drain yìí sílẹ̀.

Èyí tí a ń fà: píìnì bàbà ló dì í mú, bí a bá fà á kọjá ìwọ̀n kan, píìnì á já, ihò á ṣí. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà á ni pé anchor náà ní ìwọ̀n tí yóò fi já bí a bá fà á nígbà tí kò fẹ́ tú. Nígbà tí méjèèjì bá wà lórí tubing kan, tí ìwọ̀n wọn sì sún mọ́ra, ẹni tó wà lókè kò lè mọ èyí tó já.

Àwọn kànga tó ń lo ESP, pọ́ǹpù oníná tó wà nísàlẹ̀, ní tiwọn. Check valve wà lórí pọ́ǹpù, drain sì wà lókè rẹ̀. A ń ju irin gbọọrọ sílẹ̀ kó lọ ṣẹ́ píìnì tó yọ sínú tubing. Ó dára, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá kú, iyanrìn tó wà nínú omi á rọ̀ sílẹ̀ sórí check valve, ó sì lè bo píìnì mọ́lẹ̀. Ní kànga oníyanrìn, ẹ gbé drain ga sí i.

Bákan náà ni fún pọ́ǹpù tí ọ̀pá ń fà: bí ìjókòó rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ara pọ́ǹpù á nà lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni iyanrìn ń kó jọ sí. Ẹ jẹ́ kí drain wà lókè orí pọ́ǹpù, kí inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó ti tubing kí pọ́ǹpù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìta rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù. Nínú casing 5-1/2 oní pọ́ùn 17, inú rẹ̀ jẹ́ 4.892 ìnṣì, bí ohun kan bá já sínú kànga, irin tí a fi ń gbé e jáde ní láti ráàyè bo drain náà.

Irin àti rọ́bà ni ó kù. Níbi tí H2S bá wà, ẹ béèrè ìwé NACE MR0175, ìlànà fún irin tó máa wà nínú gáàsì yìí. Lábẹ́ rẹ̀, irin lásán kò gbọ́dọ̀ le ju 22 HRC (òṣùwọ̀n líle irin) lọ, torí pé irin tó le jù máa ń sán nínú gáàsì yẹn. Rọ́bà nitrile kò fẹ́ H2S àti ooru pọ̀. Rọ́bà Viton gba ooru dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kẹ́míkà amine tí a ń dà sí kànga nítorí ìpẹtà ń jẹ ẹ́. HNBR, nitrile tí wọ́n fi hydrogen mú lágbára sí i, ni mo máa ń rà jù. Lágbègbè Scurry County, níbi tí wọ́n ti ń ti gáàsì CO2 sínú ilẹ̀ ní oko epo SACROC láti 1972, gáàsì ń wọ inú rọ́bà lábẹ́ prẹ́ṣọ̀, bí prẹ́ṣọ̀ bá wálẹ̀ lójijì, rọ́bà á ya. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn awo nìyẹn: rọ́bà rẹ̀ kéré, kò sì sí ibi tí ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé tó wà ní Wárí àti Port Harcourt, gas lift, ìyẹn fífi gáàsì gbé epo gòkè, ni ọ̀pọ̀ kànga yín ń lò, ẹ lè má nílò èyí lójoojúmọ́. Bí ESP bá wọ kànga yín, ẹ ti rí ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ rà báyìí fún àwọn kànga San Andres wa ni awo tí wọ́n fi irin oníníkẹ́ẹ̀lì ṣe, pẹ̀lú HNBR. Èyí tí a ń yí ni mo kọ fún àwọn tí tubing wọn ti tinrín. Mo ti ní kí akọ̀wé wa kọ nọ́ńbà awo àti ìjìnlẹ̀ tí drain wà sínú fáìlì kànga kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ fi prẹ́ṣọ̀ dán tubing wò lọ́jọ́ iwájú mọ ibi tó gbọ́dọ̀ dúró.