Ọpọ́n Ayò Tí Mo Rà fún Bàbá Mi ní Ilé-Ifẹ̀

Oṣù mẹ́fà ti kọjá báyìí tí mo ra ọpọ́n ayò kan lọ́wọ́ oníṣẹ́-ọnà kan tí ó ń pàtẹ ní itòsí Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀, fún bàbá mi tí ó ti pé ẹni ọdún 74. ₦18,000 ni mo san lẹ́yìn tí a ti ná an díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí ọjà náà ti rí, ohun tí ó ṣe nínú ilé wa, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń náwó lójoojúmọ́ sórí ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn ọpọlọ, èmi náà sì ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Olùkọ́ ni bàbá mi kí ó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ìyá mi ti papò dà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ títí di alẹ́. Yóò bi ènìyàn ní ìbéèrè kan, kò ní pẹ́ tí yóò tún bi í. Yóò fi orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pe òmíràn. Àwọn ẹbí ní àgbà ti dé nìyẹn. Nígbà náà ni mo ra ìgò kápúsù méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó fi dá mi lójú pé ìrántí Bàbá yóò padà bọ̀ sípò láàárín oṣù méjì. Bàbá lo ó tán, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láti ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ nínú ìlànà tí ó gbé jáde pé kò yẹ kí a máa júwe fítámì B, fítámì E tàbí àkópọ̀ fítámì fún ènìyàn láti fi dènà kí ọpọlọ má jó rẹ̀yìn. Owó tí mo san lórí ìgò méjèèjì ju owó ọpọ́n ayò lọ dáadáa, ó sì dùn mí.

Igi ọmọ̀ ni oníṣẹ́-ọnà náà sọ pé òun fi gbẹ́ ọpọ́n náà, irú igi tí àwọn agbẹ́lù máa ń lò. Ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ; àgbàlagbà lè há a sí abíyá kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Apá méjì ni ó ní, ó ṣe é pa dé bí ìwé, ilé mẹ́fà mẹ́fà sì ni ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ihò náà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ayò méjìlá ń wọ ọ̀kan ṣoṣo láìdà sílẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ràn láti kọ́ odù, ìyẹn ni pé kí ó kó ọmọ púpọ̀ jọ sínú ilé kan. Àbùkù rẹ̀ kò ṣàìsí. Nígbà tí mo délé tí mo ka ọmọ ayò, 46 ni mo bá dípò 48, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, oníṣẹ́-ọnà náà bẹ̀ mí, ó sì fún mi ní mẹ́ta láìjiyàn. Inú ihò méjì kò dán tó, igi ha Bàbá ní ìka ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí n tó fi pépà káfíńtà ha á, kí n sì fi àdín pa á lára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀kan nínú irin méjì tí ó so apá méjèèjì pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, káfíńtà àdúgbò wa sì ni ó bá wa kàn án padà.

Ẹni tí kò bá ta ayò rí lè rò pé eré ìdárayá lásán ni. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ yóò kó ti ilé kan, ìwọ yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, bí ó bá sì jẹ́ pé inú ilé ẹnì kejì ni èyí tí ó kẹ́yìn bọ́ sí, tí ó sọ ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o ti jẹ nìyẹn. Nítorí náà, kí ọwọ́ tó kan ọmọ ayò, ènìyàn ní láti mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò parí sí, ohun tí ẹnì kejì lè jẹ ní ìdáhùn, àti ohun tí yóò ṣẹ́kù fún òun alára. Bàbá mi a na ìka sí òkè ọpọ́n, ìka náà a máa lọ láti ilé dé ilé láìkan ọmọ kankan, ètè rẹ̀ a sì máa mì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń gbàgbé iye ọmọ tí ó wà nínú odù rẹ̀, ó sì máa ń tú u kí àsìkò tó tó. Ní nǹkan bí oṣù kẹta, wọ́n pè é lórí fóònù, ó dìde, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó padà wá jókòó, ó sì sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ta pé, "Mẹ́rìnlá ni ó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ kà á." Wọ́n kà á, mẹ́rìnlá ni.

N kò sọ pé ayò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn kan ní New York tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn àgbàlagbà 469 tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó ń kàwé, tí ó ń ta eré orí ọpọ́n, tí ó ń lo ohun èlò orin tàbí tí ó ń jó, kì í tètè ṣarán bí àwọn tí kì í ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé ni ó ń wù láti ṣe nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà ẹ má ṣe ka ìwádìí kan sí ẹ̀rí tán. Ṣùgbọ́n èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, pé dandan ni kí àgbà ṣarán, kò tọ̀nà. Ìwádìí kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe láàárín àwọn Yorùbá tí ó ń gbé Ìbàdàn àti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń gbé Indianapolis, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001, fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 1.35 ni àrùn ìṣarán ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis.

Ohun tí mo rò pé ó ṣe bàbá mi lóore jù ni pé ayò kò ṣe é dá ta. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni ó ń há ọpọ́n rẹ̀ sí abíyá lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìrémọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àlọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àbọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ nìyẹn, òun gan-an sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe dín sí bí ó bá ń rìn kánmọ́kánmọ́. Nídìí ayò yìí kan náà ni àṣírí mìíràn ti tú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ a ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni ó kàn o," Bàbá kò ní dáhùn. Ọ̀rẹ́ náà ni ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ní, "Ìyá Tọ́lá, kì í ṣe pé bàbá yín gbàgbé, kò gbọ́ ni." Ọkàn mi gbọgbẹ́ pé mo ti ń bínú sí i lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. A lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé ẹ̀gbin ti dí etí rẹ̀ méjèèjì pa, wọ́n fọ̀ ọ́, ìdajì ìbéèrè tí ó máa ń tún bi wá sì dópin ní ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ tí The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà lórí ìmọ̀ ìṣègùn, kó jọ tí wọ́n gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2024 ka ohun 14 tí a lè ṣe nǹkan sí kí ìṣarán lè dín kù, àìgbọ́ràn dáadáa sì wà lára wọn.

Tọ́lá wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni bàbá àgbà rẹ̀ fi ń pè é ní òpè kí òun náà tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Òun ni ó mú kí n ṣe òfin kan: aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọpọ́n ń pa dé, gbogbo fóònù inú ilé sì ń wọ kọ́bọ́ọ̀dù ní àsìkò kan náà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń kàwé di aago kan òru pẹ̀lú fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń tòògbé ní kíláàsì. Nínú oorun ni ọpọlọ ti ń fi ohun tí a kọ́ lójúmọ́ pamọ́, ọmọ ọdún 14 sí 17 sì nílò wákàtí 8 sí 10. Ó ń sùn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó ń jí ní márùn-ún ààbọ̀, máàkì ìṣirò rẹ̀ sì ti gbéra.

Ohun tí ọpọ́n kò lè ṣe pọ̀. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ni ó ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú ọ́síjìn tí ara ń lò, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ń ba ọpọlọ jẹ́. Bàbá ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, a ń wọn ìfúnpá rẹ̀ lóṣooṣù, a sì ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, bí ó tilẹ̀ ń kùn. Bákan náà, jíjókòó pẹ́ nídìí ayò kò dára, nítorí náà ẹni tí yóò rà á fún àgbàlagbà, kí ó rí i pé ó ń rìn lọ sí ibi tí yóò ti ta á.

Mo ti san ìdajì owó ọpọ́n kejì sílẹ̀ fún àbúrò bàbá mi ní Iléṣà. Mo ní kí oníṣẹ́-ọnà náà dán inú gbogbo ihò rẹ̀, kí ó lo irin tí ó nípọn, mo sì ti sọ fún un pé ojú mi ni yóò ti ka ọmọ 48 náà pé.