Ìwé Ramsay MacDonald ní Kew: ohun tó wà níbẹ̀ àti bí a ṣe ń kà á

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gorí àlééfà kò lè fo ìwé James Ramsay MacDonald dá. Òun ni akọ̀wé àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1900, tó di ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ní 1906. Òun náà ló kọ́kọ́ ṣe olórí ìjọba lórúkọ ẹgbẹ́ náà, ní oṣù kìíní ọdún 1924. Lẹ́tà, dáyárì, ìwé tó ń kọ èrò rẹ̀ sí, àti lẹ́tà òun àti Margaret ìyàwó rẹ̀ wà ní National Archives ní Kew, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà gbogbo àkójọ náà ni PRO 30/69.

Ìwé yìí ò ṣeé kà tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní láti lọ síbẹ̀. Káàdì òǹkàwé ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún 3 ló sì máa ń lò. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú ẹ̀rí orúkọ dání, bíi páásípọ́ọ̀tù, àti ẹ̀rí àdírẹ́sì, bí ìwé báńkì. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá náà gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí àdírẹ́sì. Ibi tí àlejò máa ń kọsẹ̀ sí nìyẹn, nítorí páásípọ́ọ̀tù nìkan ni wọ́n máa ń rántí. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé.

Ẹ béèrè fáìlì sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Nínú katalọ́ọ̀gì, ẹ má fi orúkọ wá a, nítorí wọ́n ń kọ ọ́ ní MacDonald níbì kan, Macdonald níbòmíràn. Nọ́ńbà PRO 30/69 ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ wá fi ọdún dín in kù. Àlàyé katalọ́ọ̀gì kúrú púpọ̀: ẹ lè rí ìlà kan ṣoṣo tó sọ pé lẹ́tà ọdún kan ni, kí ẹ ṣí i kí ẹ bá ọ̀pọ̀ lẹ́tà ọwọ́ onírúurú ènìyàn. Fáìlì mẹ́ta lóòjọ́ ti tó ẹni tó ń kàwé dáadáa. Ẹni tó bá béèrè mẹ́wàá, fọ́tò ni yóò máa yà láìka nǹkan kan.

Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà nínú yàrá ìkàwé. Bírò, ìrésà, omi, ṣingọ́ọ̀mù àti báàgì ò wọlé. Kọ̀ǹpútà àti fóònù ń wọlé, ẹ sì lè ya fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ láìtan iná kámẹ́rà. Ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀yìn fáìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà kí ẹ tó ya ewé kankan. Tí ẹ bá délé pẹ̀lú irínwó fọ́tò tí kò ní nọ́ńbà, kò sí èyí tí ẹ lè tọ́ka sí. Okùn tó so ìwé pọ̀ ní igun, ẹ má tú u. Bí ewé bá ti yí ipò padà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ èyí tó jẹ́ èsì èyí.

Ìṣòro ńlá inú rẹ̀ ni lẹ́tà tí kò ní ọdún. Àdírẹ́sì ló ń yọni. Tí ẹ bá rí 3 Lincoln's Inn Fields, ilé tí òun àti Margaret gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn ní 1896 nìyẹn. 9 Howitt Road jẹ́ ti 1916 sí 1925, Upper Frognal Lodge sì jẹ́ ti 1925 lọ sókè. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà tó ní orúkọ àbísọ nìkan: tó bá jẹ́ Arthur, Arthur Henderson àti Arthur Ponsonby ni wọ́n jọ wà láàrin àwọn tó sún mọ́ ọn. Ìrísí ọwọ́ ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀.

Dáyárì rẹ̀, PRO 30/69/1753, ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ bá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí bó ṣe dùn ún tó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1915, nígbà tí ìwé ìròyìn John Bull tẹ ìwé ìbí rẹ̀ jáde láti fi hàn pé àwọn òbí rẹ̀ ò ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n MacDonald fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìrántí lásán ni òun ń kọ sílẹ̀, pé wọn ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Àwọn tó ń fà á yọ máa ń kọ ìkìlọ̀ náà sínú ìwé wọn. Kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Fún oṣù kẹjọ ọdún 1931, nígbà tó tú ìjọba Labour ká tó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn alátakò, ẹjọ́ ẹnu ẹnìkan ni dáyárì yìí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn mínísítà, CAB 23, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó gba ohunkóhun gbọ́.

Ẹ rántí pé àpótí ẹni, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí òun kọ wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́ sí. Nítorí náà, ẹ lọ wo ìwé George Lansbury, òṣèlú Labour bíi tirẹ̀, àti ti Passfield (Sidney Webb àti Beatrice ìyàwó rẹ̀) ní LSE, ìyẹn London School of Economics, àti ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Labour ní People's History Museum ní Manchester. Ilé ìkàwé John Rylands ní ìlú yẹn náà ní apá kan ìwé MacDonald. Kew nìkan ò tó. Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ́ nìyí.

Ẹni tó ń wá Nàìjíríà ò ní rí púpọ̀ nínú PRO 30/69. Àkójọ CO, ìyẹn ìwé Colonial Office tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ni kí ẹ wò: CO 147 ni ti Èkó láyé ìgbà tó dá dúró, CO 583 ni ti Nàìjíríà, ilé kan náà ni wọ́n wà. Passfield, mínísítà Colonial Office lábẹ́ MacDonald, kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn gómìnà ní 1930 pé kí wọ́n fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láyè nínú òfin. Nàìjíríà ò ṣe òfin náà títí di 1938. Fáìlì CO 583 àwọn ọdún mẹ́jọ yẹn ni kí ẹ fi kún ìbéèrè yín.