Tiransísítọ̀ GaN: ṣé kí a fọwọ́ tan án ni, àbí kí sákíìtì tan án?

Tiransísítọ̀ GaN (èyí tí a fi gálíọ́ọ̀mù náítíráìdì ṣe) tí ó ń gbé agbára rédíò sókè kì í ṣe ohun tí à ń tàn bí gílóòbù. Bí géètì rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń darí rẹ̀, bá wà ní 0 V, ó ti ṣí gbayawu fún kọ́rẹ́ǹtì. Bí 28 V tàbí 50 V bá bá a bẹ́ẹ̀ ní dréènì, ìyẹn ẹsẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì ńlá ń gbà wọlé, ó lè jó kí o tó ṣẹ́jú. Géètì ló ń ṣáájú, bíi −5 V, kí ó lè tì í pa. Dréènì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà la ó gbé géètì sókè díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń súnmọ́ −3 V, títí kọ́rẹ́ǹtì tí ìwé rẹ̀ sọ yóò fi pé. Àmì rédíò ló ń wọlé kẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ pa á, láti ẹ̀yìn la ti ń bọ̀.

Fífọwọ́ ṣe é dára lórí tábìlì ìdánwò: ojú rẹ wà lára mítà, o sì lè fi ààlà sí kọ́rẹ́ǹtì dréènì. Àmọ́ bí iná bá lọ lójijì ńkọ́? Páwà wo ni yóò kọ́kọ́ kú?

Sákíìtì kì í sùn ní tirẹ̀. MOSFET inú rẹ̀, ìyẹn tiransísítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíi súìṣì, kì í jẹ́ kí iná dé dréènì àfi bí géètì bá ti gba tirẹ̀. Bí ti géètì bá sọnù, ó já dréènì kíá. Ṣáájú MOSFET yìí ni kí o fi kapásítọ̀ ńlá tó ń tọ́jú iná pamọ́ sí o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó máa gbé orí òpó, sákíìtì ni tèmi.