Diana 27 àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí èjìká ẹ̀ ò pé mọ́

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Àwọn èèyàn ò yé bi mí pé irú ìbọn wo ni mo fi ń yin àmì báyìí, nígbà tí gbogbo àdúgbò mi ní Kàbà mọ̀ pé apá ọ̀tún mi ò lọ sókè mọ́, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi sinmi. Ẹ́ágọ̀n ni o, ìyẹn ìbọn tó ń fi atẹ́gùn ti ọta jáde, Diana 27 lorúkọ ẹ̀, ti àtijọ́, onígi, tí wọ́n ṣe ní Rastatt ní Jámánì, ọta 4.5 mílímítà ló ń jẹ. Mo ti lò ó láti ẹ̀ẹ̀rùn dé ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn tó o nínú gbogbo èyí tí mo ti dì mú látìgbà tí mo ti ṣèṣe. Àmọ́ kì í ṣe torí pé ó fúyẹ́ o. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú lọ́nà Ọbájànà, egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká kán, iṣan tó di èjìká mú náà fà ya. Wọ́n tò ó, ó jinná, mo ń jẹun, mo ń wa mọ́tò, mo ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n tí n bá na apá yẹn síwájú láti fi gbé nǹkan dúró, kì í pẹ́ tá á fi máa gbọ̀n, tí n bá sì gbé e kọjá èjìká pẹ́nrẹ́n, á ta mí bí àkekèé. Fisió tó ń tọ́jú mi ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ìbọn, mo ní ó dáa mà, mo jáde.

Ẹni tó bá ní irú ìpalára yìí tó wá ń wá ìbọn, ohun tí gbogbo ayé máa sọ fún un ni pé kó wá èyí tó fúyẹ́ tí kì í gbáni. Fún ṣakabùlà tàbí ìbọn ọlọ́ta ńlá, òótọ́ ni, ọdẹ ni bàbá mi ní Ìjùmú, mo mọ bí ṣakabùlà ṣe ń ti èèyàn sẹ́yìn. Àmọ́ tó bá ti di ọta kékeré, bó jẹ́ .22 tó ń lo ẹ̀tù, bó jẹ́ ẹ́ágọ̀n, kò gbáni débi tá a fi máa sọ ọ́. Ohun tó ń pa èjìká aláìsàn níbẹ̀ ni nǹkan tí ẹ máa fi apá ṣe kí ìbọn tó ṣe tán láti yìn. Wọn ò sì ń kọ ìyẹn sára páálí ìbọn, ìwúwo nìkan ni wọ́n ń kọ.

Ẹ gbọ́ ti .22 ná. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Àbújá ní ọ̀kan tó ní ìwé àṣẹ, olóbólùtì ni, ìyẹn irin tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì kí ọta mìíràn lè wọlé, ó jẹ́ kí n fi yin páálí níbi tí wọ́n ti ń yìn lọ́hùn-ún. Ìbọn tó dáa ni, kò wúwo, kò gbá mi rárá. Àmọ́ bólùtì yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà, gbogbo ìgbà tí n bá yìn tán ni mo ní láti gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún sókè, fà á sẹ́yìn, tì í padà, ìgbà tó yá mo ń fi ọwọ́ òsì nà kọjá orí ìbọn lọ fà á, ẹ̀gbọ́n ń wò mí, ó ní, "Àbúrò, ṣé ìbọn lò ń yìn ni àbí ò ń lọ́ aṣọ?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Yàtọ̀ síyẹn, ọta .22 lè rìn ju kìlómítà kan lọ tí nǹkan kan ò bá dá a dúró, ibi tí mo ń gbé, ilé àti oko ló yí mi ká, èmi ò lè fi irú ẹ̀ ṣeré lẹ́yìnkùlé.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹ́ágọ̀n ìgbàlódé kan, oníke dúdú, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń polówó pé ó ń sáré ju ohùn lọ. Wọ́n máa ń ṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀ wálẹ̀ ni kí sípíríǹgì inú ẹ̀ lè ká. Á á! Sípíríǹgì yẹn le! Ọkùnrin tí ara ẹ̀ pé gan-an á mí kanlẹ̀ kó tó ṣẹ́ ẹ tán, èmi ò ṣẹ́ ẹ dé ìdajì tí mo fi dá a padà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé bí ẹ́ágọ̀n onísípíríǹgì bá ṣe lágbára tó ni ṣíṣẹ́ ẹ̀ á ṣe le tó, ibi tí agbára yẹn ti ń wá náà nìyẹn, apá yín ni. Ẹni tó fẹ́ yin bébà ní mítà mẹ́wàá, kí ló fẹ́ fi ọta tó ń sáré ju ohùn lọ ṣe?

Wọ́n tún ní kí n lọ wá PCP, ìyẹn èyí tí wọ́n ń rọ atẹ́gùn sí nínú ṣáájú. Lóòótọ́, tó bá ti kún, èyí ló rọrùn jù lọ fún aláìlera, kò sí sípíríǹgì tí ẹ máa ká, kì í mì, ẹ ó kàn máa yìn ni. Ìṣòro ẹ̀ ni kíkún yẹn. Atẹ́gùn inú ẹ̀ sábà máa ń tó 200 bar, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ipá atẹ́gùn, táyà mọ́tò kékeré ò ju bíi 2 lọ, nítorí náà ẹ má gbé e lọ bá fọ́káńáísà, ẹ̀rọ ẹ̀ ò lè ṣe é. Páǹpù ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń tà mọ́ ọn, gbogbo ara lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, apá méjèèjì, ó sì túbọ̀ ń le bó ṣe ń kún sí i. Ẹni tó bá ní ọmọkùnrin nílé tó lè bá a páǹpù, kó lọ ra PCP, èmi ò bá a jiyàn. Tèmi, àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, èmi nìkan ló kù.

Ìgbà yẹn ni Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ọ̀nà Mópà, ní kí n wá wo Diana òun. Mo dé ibẹ̀, Bàbá yọ ọ́ láti inú àpò ìrẹsì tó fi wé e, igi ẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú láti ọjọ́ pípẹ́, irin ẹ̀ dúdú, kò dípẹtà. Bàbá ní, "Ọmọ mi, jókòó kó o tó dì í mú." Mo jókòó. Ó ní kí n gbé ìdí ìbọn sí itan ọ̀tún, kí n sọ apá ọ̀tún sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí n fi ọwọ́ òsì di orí ọ̀pá mú kí n kàn tẹ̀ síwájú. Ó kán wálẹ̀, ó dún kẹ́! Apá ọ̀tún mi ò ṣe nǹkan kan ju pé ó rọra di ìdí ìbọn mú. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, Bàbá ń rẹ́rìn-ín.

Ó lé díẹ̀ ní kìlò méjì ààbọ̀, ó fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ .22 ẹ̀gbọ́n mi náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ wà nínú pé èyí ò ní bólùtì, ọwọ́ òsì ló ń fi agbára ṣẹ́ ẹ látòkèdélẹ̀. Ṣíṣẹ́ yẹn náà lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: ẹ má jọ̀wọ́ ọ̀pá nígbà tí ẹ bá ń ki ọta bọ̀ ọ́, ẹ dì í mú ṣinṣin títí ìka yín á fi kúrò níbẹ̀, torí tí tírígà bá já, ọ̀pá yẹn á fò padà, á gé ìka. Tèmi ò sì ní sáfẹ́tì, wọn ò fi sí i, nítorí náà tó bá ti wà ní ṣíṣẹ́, yíyìn ló kù.

Ọ̀rọ̀ èjìká wo ni kéèyàn gbé e lé wá ńkọ́? Ibí ni mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn. Wọ́n ní èjìká ọ̀tún ló ń dùn ẹ́, gbé ìbọn lọ sí òsì. Ẹnìkan tiẹ̀ mú ọ̀rọ̀ Károly Takács wá, sójà ará Hungary tí bọ́ǹbù ọlọ́wọ́ bà lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ ní 1938, tó fi òsì kọ́ ìbọn yíyìn padà, tó sì gba góòlù Olympics ní 1948 àti 1952. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidi gan-an. Àmọ́ pístù ni Takács ń yìn, ọwọ́ kan ló ń ṣe é. Ìbọn gígùn, ọwọ́ méjì ni. Tí mo bá gbé e lé èjìká òsì, apá ọ̀tún tó ń dùn mí náà ló máa lọ síwájú lọ gbé e ró, ohun tí apá yẹn ò lè ṣe gan-an nìyẹn! Tí mo bá fi í sí ọ̀tún, òsì tó yá ló ń gbé e, ọ̀tún kàn ń fa tírígà, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ wà nílẹ̀ lórí tábìlì. Diana yìí ò sì gbáni débi tí egungun á fi mọ̀. Mo kàn ń yẹ ìdí ìbọn sí ìta díẹ̀ kó má bọ́ sórí ojú ibi tó kán. Tó bá jẹ́ ìbọn tó ń gbáni ni, ìmọ̀ràn wọn ì bá tọ́.

Ẹni tí apá méjèèjì ò lágbára kó má tijú láti gbé ìbọn lé nǹkan. Ní Paralympics, kíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní SH2, àwọn tí kò lè gbé ìwúwo ìbọn fúnra wọn, wọ́n ń lo ìdúró tó ń bá wọn gbé e, wọ́n sì ń gba àmì ẹ̀yẹ. Èmi, àpò iyanrìn lórí tábìlì ni mo ń lò. Àmọ́ ẹ má gbé igi ìbọn onísípíríǹgì lé àpò ní tààrà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sáàárín, ẹ má sì fún un pinpin, torí ó máa ń mì síwá sẹ́yìn kí ọta tó jáde, tí ẹ bá fún un mọ́lẹ̀, ọta á máa lọ síbi tó wù ú.

Bó ṣe ń yìn ńkọ́? Ó dáa ju bó ṣe dàgbà tó. Ní mítà mẹ́wàá, tí mo bá mí dáadáa, ihò ọta márùn-ún ń wọnú ara wọn lábẹ́ owó náírà onírin kan. Àwọn ti Olympics, àárín àmì tiwọn ní mítà mẹ́wàá kan náà ò ju ìdajì mílímítà lọ, nítorí náà kí n má ṣe fọ́nnu. Tírígà ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló wà nínú ẹ̀ tó ń di písítìnì, irin tí sípíríǹgì ń tì síwájú, mú, ẹ ó fà á díẹ̀, á dúró, ẹ ó wá mọ̀ pé ó kù fẹ́ẹ́rẹ́, kì í já gbà yín lójijì. Fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, nǹkan ńlá ni.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ awọ ló wà lórí písítìnì tèmi tí atẹ́gùn ò fi ń jò, kì í ṣe rọ́bà, tí ọyẹ́ bá dé awọ á gbẹ, atẹ́gùn á máa jò, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀. Ẹ kán òróró sí i díẹ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Tó bá pọ̀ jù, á gbiná nínú, á dún gbàù, á rú èéfín, gbogbo àdúgbò á sáré jáde. Ẹ má sì yìn ín láìsí ọta nínú láé, sípíríǹgì á lu ara ẹ̀ pa.

Ìwé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ́ágọ̀n ò nílò ìwé. Ó nílò ẹ̀. Òfin Firearms Act tiwa ka ẹ́ágọ̀n mọ́ ìbọn tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ní láìsí láísẹ́ǹsì látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Èmi àti Bàbá jọ lọ sí Lọ́kọ́jà lórí ọ̀rọ̀ tèmi, ó gba sùúrù àti owó mọ́tò, àmọ́ mo ń sùn dáadáa. Pẹ̀lú bí ojú ọ̀nà Ìwọ̀ Oòrùn Kogí ṣe rí báyìí, tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé wà lára gbogbo èèyàn, ẹ má gbé nǹkan tó jọ ìbọn rìn nígboro, ìwé tàbí kò sí ìwé. Mo ti sọ fún baálẹ̀ àti àwọn fijilántì àdúgbò, wọ́n wá wo ibi tí mo ń yìn ín, òkìtì amọ̀ pupa tí mo kó sẹ́yìn igi kàṣú, wọ́n ní kò burú, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bẹ̀ mí kó yìn ín wò.

Ẹni tó bá fẹ́ fi pa òkété tàbí ọ̀yà, kó má wulẹ̀ wò ó, kò lágbára yẹn. Ẹni tí ọwọ́ òsì ẹ̀ náà ò le, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣẹ́ ẹ wò ní ìjókòó kó tó sanwó. Tí ẹ bá sì rí èyí tí wọ́n kọ Winchester 427 tàbí Hy-Score 807 sí lára, ìbọn kan náà ni, Diana ló ṣe é, wọ́n kàn yí orúkọ padà fún ọjà Amẹ́ríkà.