Schiava àbí Lagrein: wáìnì pupa méjì láti òkè Alps

Ibì kan náà làwọn méjèèjì ti wá o, South Tyrol lápá àríwá Ítálì, tó jẹ́ ti Austria tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sọ́wọ́ Ítálì lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ fi ń sọ èdè Jámánì tí wọ́n sì ń pe Schiava ní Vernatsch.

Schiava fúyẹ́, àwọ̀ ẹ̀ ò ki, ẹ lè rí ìka yín láti òdìkejì gíláàsì, ó máa ń rùn bíi strawberry. Ẹ gbé e sí fíríìjì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó mu ún, dígírì 12 sí 14 dáa. Speck, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n fi èéfín sá, ló bá a mu jù, àti canederli, búrẹ́dì tó ti le tí wọ́n pò mọ́ ẹyin àti mílíìkì, tí wọ́n ṣù róbótó, tí wọ́n wá sè. Ó ń dùn mí gan-an báwọn èèyàn ṣe ń fojú kéré wáìnì yìí torí pé kò dúdú!

Lagrein ní tiẹ̀ dúdú dáadáa, ó máa ń mú ẹnu gbẹ. Gries, àdúgbò kan ní ìlú Bolzano ní South Tyrol, ni ilé ẹ̀, ìsàlẹ̀ àfonífojì tó máa ń gbóná gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àjàrà yìí sì nílò ooru yẹn kó tó gbó. Ẹran àgbọ̀nrín, ẹran màálù tí wọ́n sè pẹ́, ṣíìsì tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló bá a mu. Ẹ má fi jẹ ẹja o.

Tẹ́ ò bá lè yan ọ̀kan, ẹ wá wáìnì tí wọ́n ń pè ní St. Magdalener, Schiava ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Lagrein díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i.