Piece Hall ní Halifax: ọjà aṣọ tó di ojúde orin

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Leeds, Bradford tàbí Manchester, bí ẹ kò bá tíì dé Piece Hall, ẹ wá àyè lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé lọ́sàn-án, kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Halifax rárá, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn débẹ̀.

January 1, 1779 ni wọ́n ṣí i. Nígbà náà, àwọn ahunṣọ orí òkè agbègbè yẹn ń fi òfì hun aṣọ onírun àgùntàn nílé, wọn a sì kó o wá fún àwọn oníṣòwò ní Halifax. Odindi aṣọ kan, tó ń gùn tó 30 yáàdì, ni wọ́n ń pè ní piece. Yàrá 315 ni wọ́n kọ́ yí àgbàlá gbàràmù kan ká. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni ọjà ń ná, láti aago mẹ́wàá sí méjìlá. Agogo ló ń ṣí ọjà, agogo ló ń tú u, ẹni tó bá sì tajà lẹ́yìn agogo yóò san owó ìtanràn. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ọjà Òjé n'Ìbàdàn, bí àwọn aláṣọ òfì ṣe máa ń ya bo ibẹ̀, yóò tètè fojú inú wo bí wákàtí méjì yẹn ṣe máa ń rí.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo ògiri ìta: kò ní fèrèsé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí olè àti iná. Inú ni gbogbo yàrá kọjú sí, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí apá ìlà-oòrùn fi jẹ́ alájà mẹ́ta, tí apá ìwọ̀-oòrùn sì jẹ́ méjì, bẹ́ẹ̀ òrùlé dọ́gba délẹ̀. Ẹ gun òkè pátápátá níbi tí òpó róbótó tò sí, kí ẹ rìn yí i po. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, òun la fẹ́ràn jù.

Ilé iṣẹ́ alẹ́ńjìnnì ló pa ọjà náà. Àwọn tó ni wọ́n ń ta aṣọ tiwọn tààrà fún oníbàárà, ahunṣọ kéékèèké kò rọ́wọ́ mú mọ́, yàrá sì ń ṣófo. Ní 1868 ìjọba ìlú gbà á. Nígbà tó di 1871, ó ti di ibi tí àwọn alátùntà ti ń ra èso àti ẹ̀fọ́ lọ́pọ̀, títí di 1971. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i ní 1976. Wọ́n tún tì í ní 2014, wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 pọ́ùn lé e lórí, wọ́n sì ṣí i padà ní August 1, 2017.

Orin kì í ṣe àlejò níbẹ̀ o. Ní 1831 ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kọ́kọ́ péjọ sí àgbàlá yẹn kọrin. Lóde òní, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn olórin ńlá ń wá. Òkúta ló yí yín ká, ohùn a sì máa ta padà: ẹ má dúró ti ògiri, ẹ dúró láàárín, kí ẹ dojú kọ ìtàgé gan-an. Kò sí òrùlé lórí àgbàlá, nítorí náà ẹ mú ẹ̀wù òjò, torí agbòjò yóò dí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Bàtà tó tẹ́jú ni kí ẹ wọ̀, òkúta tó bá tutù ń yọ̀.

Àléébù ibẹ̀ ni pé oníṣòwò kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan fún, ìjókòó àwọn ilé oúnjẹ kò sì pọ̀. Kíá ni wọ́n ń kún, ẹ jẹun kí èrò tó dé. Lọ́jọ́ tí eré bá wà, wọ́n máa ń tètè ti àgbàlá mọ́ ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ ojú òpó ayélujára wọn wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Bí òjò bá sì lé yín, Square Chapel, ilé ìsìn 1772 tó ti di ilé eré àti sinimá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an.