Ìjàpá àti Pijó 504: Èwo Ni Kẹ́ ẹ Fowó Rà?

Mọ́tò Ìjàpá 1500 (Volkswagen Beetle) àti Pijó (Peugeot) 504 ló wà nínú ọgbà wa n'Íbàdàn, mo sì máa ń wa méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ́tò àtijọ́ tí yóò máa gbé rìnrìn àjò, 504 ni kó rà.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mi ò ju 1,493 cc lọ, agbára ẹ̀ 44 hp. Ti 504 mi jẹ́ 1,971 cc, agbára ẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì yẹn lọ. Bí mo bá kó èèyàn mẹ́ta gun òkè Mọ́kọ́lá, jíà kejì ni Ìjàpá máa fi gùn ún, á sì máa ké. 504 ò ní mira. Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí kòtò wà, ńṣe ló máa ń rọra gbé wa kọjá. Abájọ tó fi gba ipò kìíní nínú ìdíje mọ́tò Safari ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975! Ìjàpá ní tiẹ̀, bí tírélà bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, atẹ́gùn á tì í, àfi kẹ́ ẹ di sítíà mú dáadáa.

Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, mo fẹ́ràn Ìjàpá gan-an. Kò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tutù. Lítà méjì ààbọ̀ ọ́ìlì ló ń gbà. Kò sí fílítà ọ́ìlì tẹ́ ẹ máa rà, asẹ́ kékeré kan ló wà nísàlẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ dá a padà. Fáàfù ẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọrí kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ẹ́ńjìnnì, nìkan ló ń fẹ́ sùúrù, torí ó yẹ kí àlàfo wọn máa ṣe déédéé. Àárọ̀ ni bàbá mẹkáníìkì wa máa ń ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Wọ́n á ti irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan bọ àárín fáàfù àti apá irin tó ń tì í, wọ́n á rọra fà á. Tó bá ń há díẹ̀, ó ti tọ́ nìyẹn. Ẹni tí ò bá ṣe é lásìkò, fáàfù á jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí iná pupa jẹnẹrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ páákì lójú ẹsẹ̀: bẹ́líìtì tó ń yí jẹnẹrétọ̀ náà ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì, ó sì lè ti já.

504 ò gba kéèyàn gbàgbé omi. Bí rédíétọ̀ bá dí, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì á jó, orí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ alumíníọ́mù á sì tẹ̀. Owó ńlá nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Ìjàpá lẹ fẹ́ rà ṣá, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè kẹ́ ẹ tó sanwó. Abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì wà, ásíìdì ẹ̀ sì máa ń jẹ irin ilẹ̀ mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá ti ń rí títì látibẹ̀, ẹ wá òmíràn lọ.